Má Fi Èéfín Ṣe Ìyá fún Òròmọdìẹ

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé o ti sanwó òròmọdìẹ tí o fẹ́ tà lọ́dún Kérésìmesì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé páálí òròmọ náà dé Addo, ní Ajah nílùú Èkó, sún mọ́ mi kí n sọ ohun tí àwọn tó ń ta òròmọ kì í sábà ráyè sọ féèyàn, torí owó tiwọn ti wọlé. Oúnjẹ kọ́ ló máa kọ́kọ́ dà ọ́ láàmú, oògùn náà kọ́. Ooru ni. Níbo lo ti máa rí ooru tí àwọn òròmọ á máa yá lóru, tí o kò ní dáná sun ilé adìẹ, tí o kò sì ní fi èéfín pa gbogbo wọn kí ilẹ̀ tó mọ́?

Mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín. Òtútù wo ló wà ní Ajah, níbi tí a ti ń fi páálí fẹ́ ara wa nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ? Fún èmi àti ìwọ, kò sí lóòótọ́. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà Badore, inú ilé lè tutù dé nǹkan bíi 22 tàbí 23 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a ó fa aṣọ bora, oorun á sì dùn. Òròmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ń wá 32 sí 35 ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Wo bí méjèèjì ṣe jìnnà síra. Oru tó tù ọ́ lára yẹn gan-an ni òtútù tó ń pa á. Ìyẹ́ gidi kò tíì sí lára rẹ̀, irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lásán ló wà níbẹ̀, kò sì lè mú ara rẹ̀ gbóná bó ṣe yẹ títí ìyẹ́ á fi máa bò ó láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta lọ. Àgbà adìẹ tí ò ń wò nínú ọgbà yẹn, ara rẹ̀ gbóná ju tìrẹ lọ: nǹkan bíi 41 ni tirẹ̀, 37 ni tiwa. Abẹ́ irú ara bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ọmọ rẹ̀ wà.

Ohun mìíràn tún wà tó jẹ́ ti àdúgbò wa. Láti ìgbà tí o bá ti yà kúrò ní Ajah bọ́ sójú ọ̀nà Addo, tí ò ń lọ sí Langbasa àti Badore, omi lò ń lọ bá. Ọ̀sà wà níwájú, àbàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí níbẹ̀ ló jẹ́ pé iyanrìn ni wọ́n dà kún un. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbẹ tán. Bí ikùn àti ẹsẹ̀ òròmọ bá wà lórí ilẹ̀ tútù, gílóòbù tó wà lókè kò lè gbà á là. Nítorí náà, kí o tó ná kọ́bọ̀ lórí iná, kọ́kọ́ ná an lórí ilẹ̀. Tẹ́ ọ̀rá nípọn sísàlẹ̀, da èérún pákó gbígbẹ lé e, kó jìn tó ìka mẹ́rin. Èérún tí káfíńtà ń fá kúrò lára pákó ni mo ní lọ́kàn o, kì í ṣe ìyẹ̀ lẹ́búlẹ́bú tí ń fò wọ imú, tí òròmọ sì ń ṣà jẹ bí oúnjẹ. Má fi ìwé ìròyìn lásán ṣe ilẹ̀ fún wọn. Ó ń yọ̀, ẹsẹ̀ wọn á ya síta, ó sì lè má padà bọ̀ sípò mọ́.

Tún wo kàlẹ́ńdà pẹ̀lú mi. Bùrọ́ílà tí o fẹ́ tà ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, tí o fẹ́ bọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, inú oṣù kẹwàá ló máa dé. Òjò Èkó sì máa ń le lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: èyí tó le jù wà ní bí oṣù kẹfà, èkejì wà ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Nígbà tí ọyẹ́ bá fi máa dé ní oṣù kejìlá, ìyẹ́ ti bo àwọn adìẹ rẹ. Àwọn èèyàn á máa sọ fún ọ pé kí o ṣọ́ra fún ọyẹ́. Ọyẹ́ ní tirẹ̀, eruku àti àrùn lùkúlùkú ló ń bá rìn, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì ni kí o fi pàdé àrùn yẹn. Ní ti òtútù, òjò ni kí o múra dè.

Ó yá, wo bí àgbébọ̀ adìẹ ìbílẹ̀ ṣe ń ṣe é. Bí òjò bá ṣú, á wá ibi gbígbẹ, á lóṣòó, á na ìyẹ́, á ràdọ̀ bo àwọn ọmọ. Kò gbìyànjú láti mú gbogbo àgbàlá gbóná. Abẹ́ rẹ̀ nìkan ló gbóná. Èyí tí òtútù mú á wọlé, èyí tí ooru mú á yọrí jáde, á lọ ṣa nǹkan jẹ, á tún padà. Ọwọ́ ọmọ gan-an ni yíyàn wà. Òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe. A ó fi ọ̀rá di gbogbo fèrèsé yàrá, a ó gbé ìkòkò èédú sáàárín, a ó ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ibẹ̀ á gbóná bákan náà, afẹ́fẹ́ á tán, ẹni tí ooru mú kò ríbi sá sí. A ó wá máa sọ pé òtútù ló pa wọ́n.

Bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá tàbí méjìlá péré lo fẹ́ sìn, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú lórí iná. Wá àgbébọ̀ ìbílẹ̀ tó ń sàba lọ́wọ́, kí o sì rọra ti àwọn òròmọ bọ abẹ́ rẹ̀ lóru nígbà tí oorun ń kùn ún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á gbà wọ́n bí ọmọ. Jí ní kùtùkùtù láti wò ó, torí àwọn kan wà tí kò gbà, wọ́n á máa sọ ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ṣùgbọ́n èyí tó bá gbà, á bá ọ ṣe é láìsí gílóòbù, láìsí èédú, bó ti wù kí òjò pọ̀ tó.

Ìwọ tó jẹ́ pé páálí lo rà, tí àádọ́ta wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná.

Mo mọ ìdí tí èédú fi ń wù ọ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú nítorí adìẹ? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni owó iná àwọn tó wà ní Band A náà fò sókè. Èédú wà nítòsí, kò sì bẹ NEPA. N kò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n kí o mọ ohun tí ò ń gbé wọlé. Gbogbo wa ló mọ̀ pé èéfín dúdú tó ń ta lójú kò dára, a sì gbà pé bí èédú bá ti pọ́n dáadáa, tí kò rú mọ́, ewu ti tán. Irọ́ ni. Ìgbà tó pọ́n yẹn náà ni gáàsì carbon monoxide ń jáde lára rẹ̀. Kò lóòórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta lójú. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, á gba àyè tó yẹ kí afẹ́fẹ́ tí à ń mí dúró sí. Orí á máa fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, oorun á máa kùn ọ́, oorun náà lo máa sùn lọ.

Má rò pé ọ̀rọ̀ àwa tí a ń fi èédú dáná nìkan nìyí. Ní oṣù kejì ọdún 2021, yìnyín bo Texas ní Amẹ́ríkà, iná lọ ní ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Houston, tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, wà nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn gbé ààrò èédú tí wọ́n fi ń sun ẹran wọlé kí wọ́n lè rí nǹkan yá, àwọn mìíràn tan mọ́tò nínú gárééjì, àwọn kan tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé. Gáàsì yìí kan náà gbé ọ̀pọ̀ wọn dé ilé ìwòsàn, ó sì pa nínú wọn. Ẹyẹ kì í tilẹ̀ pẹ́ tó èèyàn, torí bí Ọlọ́run ṣe dá ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kíákíá ló ń gba ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ sára. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakùsà èédú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń gbé ẹyẹ canary wọ abẹ́ ilẹ̀ títí di ọdún 1986: bí ẹyẹ bá ti ṣubú, kí wọ́n sá jáde. Tí o bá ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀ tí o bá òròmọ bíi mélòó kan tó sùn gbalaja láàárín ibi tí ooru wà, tí kò sí àpá lára wọn, má sáré lọ ra oògùn. Wo ìkòkò èédú.

Nítorí náà, bí o bá máa lo èédú, ìta ni kí o ti dá a, kó pọ́n tán kó tó wọlé. Bù ú sínú ìkòkò amọ̀ nípọn, fi ìdérí tó ní ihò dé e, kí ẹta iná má bàa ta jáde. Gbé ìkòkò náà lé orí búlọ́ọ̀kù méjì, kó èérún pákó kúrò yí i ká ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí o sì fi nẹ́ẹ̀tì onírin ṣe ọgbà fún un, torí òròmọ òpònú kan á ṣáà fẹ́ fò lé e. Ní ti ọ̀rá tàbí àpò tí o fi bo fèrèsé, ìsàlẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí bò ó, kí o fi òkè sílẹ̀ gbayawu ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó kọjú síra. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ti bàjẹ́ ń lọ sókè, ibẹ̀ lá gbà jáde. Atẹ́gùn òjò tó ń fẹ́ nísàlẹ̀ kò sì ní bá àwọn ọmọ. Gbé korobá iyanrìn sẹ́nu ọ̀nà. Èyí tí mo fẹ́ kí o dì mú jù lọ nìyí: kí ẹnikẹ́ni má sùn nínú yàrá tí èédú ń jó sí. Má fi ọmọ ọ̀dọ̀ ṣọ́ adìẹ nínú ibẹ̀, má ní kí ẹ̀gbọ́n kan tẹ́ ẹní síbẹ̀ torí olè. Olè á kó adìẹ lọ, ẹ ó ra òmíràn.

Sítóófù kẹrosíìnì ńkọ́? N kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Èéfín rẹ̀ ń bo imú wọn, àyederú kẹrosíìnì tí wọ́n pò mọ́ pẹtiróòlù sì ti sun ọ̀pọ̀ ilé ní orílẹ̀-èdè yìí. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan lo ní, má bu epo sí i nígbà tó ń jó.

Gílóòbù ni mo fẹ́ràn jù, níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà. Gílóòbù àtijọ́ tó ń pọ́n ni o, èyí tí ọwọ́ kò lè gbà mú. LED tí gbogbo wa ń rà báyìí kì í gbóná, ìmọ́lẹ̀ lásán ló ń fún wọn, wọ́n á máa ríran nínú òtútù. Fún páálí kan, ra oníwọ́ọ̀tì 100 méjì dípò oníwọ́ọ̀tì 200 ẹyọ kan, torí bí ọ̀kan bá jó lóru, èkejì á ṣì dúró. Àwọn méjèèjì á jẹ yúníìtì 2.4 bí o bá tàn wọ́n fún wákàtí 12. O lè ṣírò rẹ̀ mọ́ owó tí ìwọ ń ra yúníìtì. Ìdí gílóòbù oníke máa ń yọ́, lẹ́yìn náà á já bọ́ sórí èérún pákó, báyìí ni ọ̀pọ̀ ilé adìẹ ṣe ń jó. Ra ìdí gílóòbù tí wọ́n fi tánganran ṣe. Má fi wáyà iná gbé e kọ́. Fi ṣéènì tàbí wáyà onírin dè é mọ́ igi àjà ní ọ̀nà méjì, kí èkejì dì í mú bí àkọ́kọ́ bá já. Fi àgò onírin bo gílóòbù náà, kí o jẹ́ kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sí méjì kúrò nílẹ̀, kí o sì máa gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀ bí o bá ṣe rí wọn. Wáyà tí wọ́n fi ọ̀rá lẹ̀ pọ̀, èyí tí ọmọ àdúgbò bá ọ so ní ojú ẹsẹ̀, má gbé e wọ ibi tí eruku àti omi wà. Jẹnẹrétọ̀, ìta gbangba ni, kó jìnnà sí fèrèsé adìẹ àti fèrèsé ìwọ fúnra rẹ.

Kí n tó gbàgbé: bí ẹnikẹ́ni bá fún ọ ní gílóòbù kan tí wọ́n fi Teflon bò kó má bàa fọ́, dá a padà. Bí Teflon bá gbóná jù, èéfín tó ń jáde lára rẹ̀ ń pa ẹyẹ. Nítorí ẹ̀ náà ni o kò ṣe gbọ́dọ̀ gbé páálí òròmọ sí kíṣìnì níbi tí páànù dídín wà lórí iná.

Bí iná bá lọ ní aago méjì òru ńkọ́? Èyí ló yẹ kí o ti múra dè láti ìrọ̀lẹ́. Gbé omi kaná, rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó le, dé e pinpin, fi tówẹ̀lì wé e, kí o tò ó sáàárín wọn. Omi gbígbóná ni o, kì í ṣe èyí tó ń hó, kó má bàa yọ́ kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n á fara tì í, á sì mú ọ dé wákàtí díẹ̀ kí o tó pààrọ̀ rẹ̀. Tan iná oníbátìrì kékeré sílẹ̀ fún wọn, torí bí òkùnkùn bá ṣàdédé bò wọ́n, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á gun ara wọn lórí, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á sì kú. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí o kó wọn sínú yàrá onígun mẹ́rin. Fi páálí tàbí pílàíwúùdù ṣe ọgbà róbótó fún wọn, kó fẹ̀ tó mítà kan àti díẹ̀ fún àádọ́ta. Róbótó kò ní igun tí wọ́n á kó jọ sí.

Má gbára lé òṣùwọ̀n ooru nìkan. Rà á, ó dára, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nílẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí, kì í ṣe sára ògiri. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ló ń sọ̀rọ̀ jù. Bí òtútù bá ń mú wọn, wọ́n á kó jọ sábẹ́ gílóòbù gúdúgbẹ̀, igbe wọn á sì máa dún kíkankíkan. Bí wọ́n bá rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, atẹ́gùn ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Lọ wá ihò náà. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná, tí ìyẹ́ wọn wọ́ sílẹ̀, tí wọ́n yanu tí wọ́n ń mí hẹlẹ, ooru ti pọ̀ jù. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Kí wọ́n má bínú, adìẹ kì í làágùn. Ẹnu ló fi ń mí ooru jáde, ìyẹn lo sì gbọ́dọ̀ máa wò. Èyí tí o fẹ́ rí ni pé kí wọ́n tú ká, àwọn kan ń jẹun, àwọn kan ń mumi, àwọn kan sùn, ohùn wọn sì rọlẹ̀.

Nǹkan méjì tí kò ná ọ lówó: ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, mú mẹ́wàá lọ́kọ̀ọ̀kan, fi ẹsẹ̀ wọn kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Bí ẹsẹ̀ bá tutù, ilẹ̀ rẹ kò gbóná tó, láìka ohun tí òṣùwọ̀n sọ. Fọwọ́ kan àpòòjẹ ọrùn wọn náà. Ó yẹ kó kún, kó rọ̀. Òròmọ tí òtútù mú kì í jẹun, èyí tí kò sì jẹun ní ọjọ́ kìíní, á ṣòro kó tó bá ẹgbẹ́. Ìkejì, kúnlẹ̀ kí o gbé imú rẹ dé ibi tí imú wọn wà, kí o mí. Bí òórùn ìgbẹ́ wọn bá ń ta ọ́ nímú, tí ojú rẹ ń yọmi, afẹ́fẹ́ kò tó, ilẹ̀ sì ti tutù. Kó èyí tó tutù, fi gbígbẹ rọ́pò, kí o ṣí òkè sí i. Má tijú àti kúnlẹ̀. Òórùn yẹn náà ni aládùúgbò máa lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ onílé ní ẹ̀sìtéètì.

Bí o bá ní ẹni tìrẹ ní Minnesota tàbí ní Manchester tó ń sin adìẹ bíi mélòó kan lẹ́yìnkùlé, tó ń pè ọ́ bóyá kó gbé gílóòbù sínú ilé adìẹ nígbà yìnyín, sọ fún un pé àgbà adìẹ tí ìyẹ́ ti bò kì í sábà nílò rẹ̀. Ibi gbígbẹ, igi tó fẹ̀ tí á lè jókòó lé kí ikùn rẹ̀ bo ìka ẹsẹ̀, àti afẹ́fẹ́ tó ń gba òkè jáde, ó tó o. Ọ̀rinrin inú ilé tí wọ́n dí pa ló ń jẹ́ kí yìnyín jẹ ogbe orí wọn. Omi mímu wọn tó dì ni kó máa pààrọ̀. Ẹni tó wà ní England tàbí Wales tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2024, bó jẹ́ adìẹ ẹyọ kan ṣoṣo ló ní, òfin ní kó fi orúkọ sílẹ̀.

Padà sí tìrẹ. Tan iná náà ní ọjọ́ kan gbáko kí wọ́n tó dé, kí ilẹ̀ gbóná délẹ̀, kí ìwọ náà sì rí bí wáyà rẹ ṣe ń ṣe nígbà tí kò tíì sí ẹ̀mí lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní, máa dín ooru kù ní bíi ìwọ̀n mẹ́ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní Addo níhìn-ín, ọ̀sán á ti máa tó wọn fúnra rẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta, òru àti òjò nìkan ni wàá máa tanná fún. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkarùn-ún, tí ìyẹ́ ti bo ẹ̀yìn wọn, pa iná náà pátápátá, ṣùgbọ́n má pa á ní ọjọ́ tí òjò ṣú. Kọ nọ́ńbà 767 àti 112 sára ilẹ̀kùn ilé adìẹ, kó tóbi, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí iná lè pe panápaná ṣáájú kó tó pe ìwọ. Bí àwọn tó ń gbé òròmọ bọ̀ bá ní ọ̀la ni, béèrè aago tí wọ́n máa gbéra lọ́wọ́ wọn, torí gòsíló Ajah kò mọ òròmọdìẹ lójú.